Ọjọ́ Tí Àáró Kan Sùnmọ́nù

Ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́: ẹnu mi kì í sinmi. Ìyá mi máa ń sọ pé bí wọ́n bá gbé mi sọ sínú igbó, màá wá igi tí màá bá tàkúrọ̀sọ. Nítorí náà, nígbà tí mo fi Ìbàdàn sílẹ̀ tí mo lọ ń gbé ní Ifangni ní ilẹ̀ Benin, tí àwọn ọmọ ibẹ̀ ń pè ní Ìfọ̀nyìn, mo rò pé ìyà kankan kò lè jẹ mí. Yorùbá ni wọ́n ń sọ, Yorùbá ni mò ń sọ. Kí ló tún kù?

Ó kù púpọ̀. Ní ọjọ́ kejì tí mo débẹ̀, mo lọ kí ọ̀dọ́kùnrin tó jẹ́ délégé, ẹni tí ìjọba fi ṣe olórí àdúgbò wa ní àwọn ọdún ìyípadà yẹn. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ káàárọ̀ sà."

"Dìde, kamarádì, dìde," ni ó wí. "A kì í kúnlẹ̀ fún ènìyàn mọ́ ní orílẹ̀-èdè yìí. Gbogbo wa dọ́gba."

Mo dìde. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo pàdé ìyá tó bí i lẹ́nu ọ̀nà wọn. Mo nàró gbọn-in, mo ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, kamarádì." Ìyá wò mí láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó ní, "Ṣé orúnkún ń dùn ọ́ ni, ọmọ Èkó?" Láti ọjọ́ náà lọ, mò ń nàró fún ọmọ, mò ń kúnlẹ̀ fún ìyá. Ọmọ Èkó tí wọ́n sì ń pè mí yẹn, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo tíì dé Èkó láyé mi, àmọ́ lójú wọn, gbogbo ẹni tó bá ti òdìkejì bọ́dà wá, Èkó ló ti wá.

Inú mi ń dùn ṣá. Gbogbo nǹkan ló jẹ́ tuntun lójú mi. Búrẹ́dì wọn gùn bí igi ìdáná. Àwọn akọ̀wé ń fi Faransé bú ara wọn, wọ́n sì ń fi Yorùbá bẹ ara wọn. Àgbàlagbà tó ń lọ sóko lówùúrọ̀ á kígbe "kamarádì" sí ẹnìkejì rẹ̀, á tún fi oríkì ilé bàbá rẹ̀ lé e. Mo máa ń rẹ́rìn-ín lójú ọ̀nà lémi nìkan.

Iṣẹ́ tó gbé mi débẹ̀ ni kíkọ́ àgbà níwèé. Ìjọba ní kí àgbà kọ́ bí a ṣe ń ka èdè ìyá ẹni. Àbúrò bàbá mi obìnrin tó ń ta aṣọ ní Igolo, lẹ́nu bọ́dà, ló sọ fún délégé pé òun ní ọmọ kan n'Ìbàdàn tó ń ka Yorùbá bí ẹni ń mumi. Bí mo ṣe di Mẹ̀tírẹ́ẹ̀sì nìyẹn, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe tíṣà obìnrin lọ́hùn-ún. Bí wọ́n bá ti oko dé, tí wọ́n wẹ̀, wọ́n á wá bá mi lábẹ́ àtíbàbà ilé-ìwé, a ó sì tú ká kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ènìyàn méjìlélógún jókòó. Ọkùnrin kan kò jókòó. Ó tó ẹni ọgbọ̀n ọdún, ó ga, èjìká rẹ̀ fẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti le nítorí ọkọ́. Ó ń to bẹ́ńṣì. Bí ẹnìkan bá dìde, á lọ tún bẹ́ńṣì onítọ̀hún ṣe kó lè gún régé. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ wá jókòó."

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. "Mẹ̀tírẹ́ẹ̀sì ń pe Sùnmọ́nù ní sà."

Wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ fún mi níṣojú rẹ̀, àfi bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn. Ó pẹ́ kó tó rìn, ó pẹ́ kó tó fọhùn, títí di ìsinsìnyí ọ̀rọ̀ kì í ju méjì mẹ́ta lọ lẹ́nu rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí ẹlòmíràn gbọ́ lẹ́ẹ̀kan, òun á gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́fà kó tó wọlé. Ọmọ ọdún méje ń pè é ní Sùnmọ́nù lásán, ó sì ń rán an níṣẹ́. Èyí kò bá mi lára mu. Wọn kò tọ́ mi bẹ́ẹ̀. Fòfó ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin ní apá ibẹ̀, mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Fòfó Sùnmọ́nù, mo sì ń fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀. Wọ́n rò pé mò ń ṣàwàdà. Nígbà tó di oṣù kejì tí mi ò yí ohùn padà, àwọn ọmọ kan bẹ̀rẹ̀ sí í pè é bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú.

Mi ò ní parọ́, Fòfó Sùnmọ́nù kò kọ́ lẹ́tà kan lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n kò sí ìrọ̀lẹ́ kan tí kò ní dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí kò ní wo ojú gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, tí kò sì ní sọ ẹni tí kò wá fún mi. Kò ṣì í rí. Ní ọjọ́ kan pàápàá, mo jí, mo bá a tó ti ro gbogbo koríko tó yí yàrá mi ká mọ́ féfé. Mo dúpẹ́, mo fún un ní búrẹ́dì gígùn kan, inú ara mi sì dùn sí mi.

Ìyá rẹ̀ ń fún epo lẹ́yìnkùlé wọn. Mo lọ ra epo níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo bá ọmọ rẹ̀ tó sùn sórí ẹní lọ́sàn-án gangan, ó ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu. Mo béèrè ohun tó ṣe é.

"Ó lọ àáró," ni Ìyá Sùnmọ́nù wí. "Oko Bàbá Ìdòwú ni wọ́n wà láti àárọ̀."

Àáró kò ṣàjèjì sí mi. Lónìí, gbogbo wa dé oko rẹ. Lọ́la, gbogbo wa dé oko mi. Títí yóò fi kárí. Àwọn ọkùnrin méje ló wà nínú àáró yẹn, Bàbá Ìdòwú ni olórí wọn, Fòfó Sùnmọ́nù sì ti ń bá wọn lọ láti ìgbà tó ti lè gbé ọkọ́. Mo ní, "Ìyá, ìgbà wo ló máa kan oko tiwọn?"

Ó gbé igbá epo sílẹ̀. "Oko ta ni? Wọ́n ń fún un lóúnjẹ. Wọ́n ń fún un ní sódàbì, ògógóró wa, díẹ̀ kó fi ṣíra. Ó tó, ọmọ mi."

Kò tó. Èmi àti òun la mọ̀ pé kò tó, torí pé ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí mi ò bi í. "Ṣé o rí i, kì í ṣe oúnjẹ rẹ̀ ló ń dùn mí. Ara mi ti ń wó. Ọjọ́ tí mi ò bá sí mọ́, ta ni yóò máa kanlẹ̀kùn yìí wá béèrè rẹ̀? Ẹni tí kò ní oko, tí kò láya, tí kò lọ́rọ̀ lẹ́nu, ẹ̀yìnkùlé ẹnìkan ni wọn á fi í sí, wọn á sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀."

Orí mi gbóná. Mo gbé epo mi, mo ń bá ara mi sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà. Ẹni tó ti ro oko gbogbo ìlú, tí ẹnìkan kò ro tirẹ̀ rí. Mo ní àáró yìí máa kan Fòfó Sùnmọ́nù, bí mo ṣe ń jẹ́ ọmọ bàbá mi.

Ọ̀dọ̀ délégé ni mo gbà lọ. Inú tirẹ̀ dùn ju tèmi lọ. "Vuàlà," ni ó wí, "ìyípadà gan-an nìyẹn. Kò sẹ́ni tí a ó fi sẹ́yìn." Ó kọ pàpíè, bí wọ́n ṣe ń pe ìwé ìjọba, ó lù ú ní òǹtẹ̀, ó fi orúkọ Sùnmọ́nù ṣe àkọ́kọ́. A gbé e lọ fún Bàbá Ìdòwú. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ni bàbá náà. Ó fi ìka tẹ̀lé ọ̀rọ̀ náà, ó kà á láti òkè délẹ̀ láìtàsé. Oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, kò mọ ohun tó ń jẹ́ A. Mi ò mọ̀ bóyá kí n jó tàbí kí n bínú, torí bó ṣe kà á tán, ó ká a, ó dá a padà fún wa.

"Kamarádì délégé, mo ti kà á. Oko àpapọ̀ tí ìjọba dá, pàpíè lè pè wá síbẹ̀, a ó sì lọ. Àáró kì í gbọ́ ìpè pàpíè. Ẹni tó bá fẹ́ ká dé oko òun ló ń wá sílé wá pè wá. Ṣé Sùnmọ́nù ti pè wá rí?"

Délégé wo òǹtẹ̀ orí pàpíè rẹ̀.

"Bọ̀n, ó dáa. Ẹni tí kò pè wá, ibo ni ká gbà lọ?"

Inú bí mi gan-an, nítorí pé òótọ́ ló sọ.

Ilẹ̀ kì í ṣe ìṣòro. Bàbá Fòfó Sùnmọ́nù tó ti kú fi igbó kan sílẹ̀ lójú ọ̀nà Tchaada, tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn. Ó gba ìyá rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó gbà pé kí ọmọ òun pe àáró síbẹ̀. Ó ń bẹ̀rù pé wọn ò ní wá, pé ojú á ti ọmọ òun níṣojú gbogbo ayé. Ìgbà tó gbà, òun fúnra rẹ̀ ló mú un lọ, ó fi igi pèrègún tí wọ́n fi pààlà hàn án ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ní, "Ti bàbá rẹ nìyí. Tìẹ ni." Fòfó Sùnmọ́nù rìn yí ilẹ̀ náà ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ní ìgbà kẹrin, ó ń sáré.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni mo mú un lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀, torí pé irun rẹ̀ ti kún. Onígbàjámọ̀ gbé abẹ lọ́wọ́, èmi ni ó wò. "Mẹ̀tírẹ́ẹ̀sì, báwo ni ká ṣe gé e?" Mo ní kó gé e mọ́lẹ̀. Ó gé e mọ́lẹ̀. Fòfó Sùnmọ́nù fọwọ́ pa orí rẹ̀ pẹ̀ẹ̀pẹ̀ẹ̀, ó wò mí, ó ní, "Orí mi ni." Mo rẹ́rìn-ín, mo ní irun á tún hù. Ó yẹ kí n ti gbọ́ ohun tó ń sọ fún mi lọ́jọ́ náà.

Ní ọjọ́ ọjà, mo máa ń gba Igolo kọjá sí Ìdìrókò lọ fi tẹlifóònù pósọ́fíìsì pe ilé. Ilé oògùn tó dojú kọ ilé wa ni wọ́n ní tẹlifóònù. Wọ́n á ní kí n dúró, wọ́n á rán ènìyàn lọ pe ìyá mi, èmi á sì máa gbọ́ bí ọkọ̀ ṣe ń kọjá ní àdúgbò wa n'Ìbàdàn. Ìdúró yẹn ló dùn mí jù nínú gbogbo ìpè náà. Màá fi etí mú fèrè ọkọ̀ tí mo mọ̀.

Ìyá mi gbọ́ ìròyìn mi tán, ó ní, "Èèyàn méjìlélógún lo lọ kọ́, ọ̀kan tí kò kàwé ni ò ń sọ fún mi láti ọjọ́ yìí. Ṣé o fẹ́ fẹ́ ẹ ni?"

"Rárá, Màámi. Mo fẹ́ kí wọ́n bá a ro oko ni."

"O ò ro oko bàbá tìẹ rí."

Mo rẹ́rìn-ín títí tí wọ́n fi gé ìpè wa. Lẹ́yìn náà ẹkún gbọ̀n mí. Mo ń rìn padà láàárín àwọn alábàárù àti àwọn tó ń ṣẹ́ owó, gbogbo wọn ń sọ èdè mi, kò sì sí ẹnìkan tó mọ orúkọ mi nínú wọn. Ní oṣù tí mo kọ́kọ́ dé, mo lọ gba ìwé ìgbélùú ní ọ́fíìsì kan. Akọ̀wé ibẹ̀ kò bi mí ní nǹkankan. Àbúrò bàbá mi ló ń bi ní Faransé: kí ló fẹ́, ọmọ ọdún mélòó ni, ṣé ara rẹ̀ dá? Mo dúró níbẹ̀ bí ẹrù tí wọ́n gbé kalẹ̀. Mo búra lọ́jọ́ náà pé ẹnikẹ́ni kò ní jẹ́ kí n di ẹrù mọ́. Mi ò rántí búra pé èmi náà kò ní gbé ẹlòmíràn bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ pé. Igbó la fẹ́ kọ́kọ́ ṣán. Ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú rẹ̀, èmi àti Fòfó Sùnmọ́nù jáde lọ pe àwọn méje náà. Òun ló máa sọ̀rọ̀. A ti fi dánrawò ní ọ̀sẹ̀ kan gbáko: "Ọ̀la. Oko mi." Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ti ń sọ ọ́ ketekete fún ìyá rẹ̀, fún mi, fún ewúrẹ́.

Ní ẹnu ọ̀nà Bàbá Ìdòwú, ó la ẹnu. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà ń bọ̀. Ètè rẹ̀ ń gbọ̀n, Bàbá Ìdòwú ń dúró, adìẹ kan kọjá láàárín wa, ọ̀rọ̀ náà ṣì ń bọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹnu yún mi. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, a fẹ́ kí ẹ bá wa dé oko lọ́la."

Bàbá Ìdòwú wò ó, ó wò mí. "A gbọ́, Mẹ̀tírẹ́ẹ̀sì."

Ní ilé kejì, mo tún ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a fi máa dé ilé kẹta, Fòfó Sùnmọ́nù kò la ẹnu mọ́.

Wọ́n wá. Àwọn méjèèje wá pẹ̀lú àdá, igbó náà sì dùbúlẹ̀ kí oòrùn tó kan àtàrí. Ìyá Sùnmọ́nù ti se ẹ̀wà àbọ̀bọ̀ ní ìkòkò ńlá méjì, mo ń bù ú káàkiri, mò ń jó, mo rò pé a ti ṣẹ́gun. Ìgbà tí wọ́n jẹun tán ni Bàbá Ìdòwú dìde. Ó ní, "A bá Mẹ̀tírẹ́ẹ̀sì yọ̀. Ọ̀wẹ̀ Mẹ̀tírẹ́ẹ̀sì lọ dáadáa."

Abọ́ dúró lọ́wọ́ mi. Ọ̀wẹ̀ yàtọ̀ sí àáró. Ẹni tó bá bẹ ọ̀wẹ̀, wọ́n á ṣàánú rẹ̀, á bọ́ wọn, ó parí síbẹ̀. Kò sí ẹni tó kàn lẹ́yìn ọ̀wẹ̀.

Mo ní, "Bàbá, àáró ni. Oko Fòfó Sùnmọ́nù ni."

"Ìwọ lo pè wá," ni ó wí, kò sì fi ìbínú sọ ọ́. "Ẹni tó pè wá la wá fún. Bó ṣe wà láti ayébáyé nìyẹn. Ìwọ tí o kọ́ mi níwèé, ṣé kò yé ọ ni?"

Fòfó Sùnmọ́nù ti gbọ́. Ó ti abọ́ ẹ̀wà rẹ̀ sẹ́yìn láì fọwọ́ kàn án, ó gbé àdá rẹ̀, ó kọjá lára mi lọ sílé.

Lẹ́yìn ìyẹn, kò wá sí kíláàsì mọ́. Kò lọ àáró mọ́. Wọ́n ránṣẹ́ pè é sí oko ẹnìkan, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn. Àwọn bẹ́ńṣì mi wọ́ káàkiri, mi ò mọ ẹni tí kò wá. Mo lọ sílé wọn lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ní ìgbà kẹrin, Ìyá Sùnmọ́nù dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò jẹ́ kí n wọlé.

"Kí o tó dé, wọ́n ń pe ọmọ mi sóko," ni ó wí. "Ó kéré, àmọ́ wọ́n ń pè é. Nísinsìnyí, ẹ̀yìnkùlé ló jókòó sí. Ohun tí mo ní ìgbà tí mo bá kú ló máa ṣẹlẹ̀, o ti bá mi mú un wá nígbà tí mo wà láàyè."

Ó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi tí ọ̀rọ̀ wọ́n mi. Mo padà sí yàrá mi, mo sunkún, mo sì ro ó pé kí n di ẹrù mi kí n padà sí Ìbàdàn. Ẹni tí mo ní mo fẹ́ gbé dìde, èmi ni mo fọwọ́ bò ó lẹ́nu.

Òjò ti ń bẹ̀rẹ̀, ebè ló kù láti kọ sórí ilẹ̀ náà. Ní ọjọ́ Sátidé kan lọ́sàn-án, délégé kó gbogbo àgbà jọ sí ìpàdé, gẹ́gẹ́ bí àṣà ìgbà yẹn. Ó sọ̀rọ̀ títí, a pàtẹ́wọ́ títí. Bí a ṣe tú ká, igbe sọ nílé Bàbá Ìdòwú. Ìyàwó rẹ̀ ló ń pariwo. Ebè kan wà níwájú ilé wọn, láàárín ilẹ̀ tó gbá mọ́ lówùúrọ̀, ebè ńlá tó ga, tó dán, tí wọ́n fi ẹ̀yìn ọkọ́ lù yípo.

"Ta ló sin kí ni síbí?" ni ìyàwó náà ń wí.

Igbe tún sọ ní ilé kejì. Ebè. Ilé kẹta, ebè. Délégé sáré dé, ó ní iṣẹ́ ọ̀tá ìyípadà nìyí, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ìyá délégé ní oògùn ìkà ni, kí wọ́n bu iyọ̀ sí i. Àwọn ọmọdé tí kò lọ sípàdé ló ń rẹ́rìn-ín. "Fòfó Sùnmọ́nù ni. Ojúmọmọ ló kọ ọ́. A ń wò ó."

Bàbá Ìdòwú ti gbé ọkọ́ láti tú u. Ó dá ọwọ́ dúró. Ó jáde, ó rìn gba àdúgbò já, ó ń wo iwájú ilé kọ̀ọ̀kan, àwa sì ń tẹ̀ lé e. Ilé àwọn méjèèje ni ebè wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò fo ẹnìkan, kò sì kọ ọ́ síwájú ẹlòmíràn. Ó padà dé iwájú ilé tirẹ̀, ó wo ebè náà fún ìgbà pípẹ́.

"Ó mọ̀ wá lọ́kọ̀ọ̀kan," ni ó wí. "Gbogbo ìgbà yẹn, ó mọ ẹni tí òun bá ro oko. Ó wá ń béèrè tirẹ̀."

Délégé wo iwájú ilé tirẹ̀, kò rí nǹkan. "Èmi ńkọ́?" ni ó wí, ó sì dùn ún ní tòótọ́.

Mo ti ń rẹ́rìn-ín mi lọ sílé kí n tó rí i. Ebè kẹjọ wà lẹ́nu ọ̀nà mi. Mo kọ́kọ́ rò pé ọ̀rẹ́ ló fi ṣe. Lẹ́yìn náà ni mo wo ibi tí ó kọ ọ́ sí, ibi tó ti bá mi ro koríko lọ́jọ́sí. Mo rántí búrẹ́dì tí mo gbé fún un, àti bí inú ara mi ṣe dùn sí mi. Èmi náà gba ọjọ́ kan lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì fi oúnjẹ lé e lọ, gẹ́gẹ́ bí gbogbo wọn.

Ẹ ò lè mọ ohun tí ìrọ̀lẹ́ yẹn fi ojú mi rí. Ó ń ṣe mí bíi kí n sáré káàkiri ilé méje, kí n ṣàlàyé, kí n bẹ̀bẹ̀, kí n kọrin. Mo jókòó sórí ọwọ́ mi. Àwọn obìnrin ń bi mí níbi kànga pé kí ni Sùnmọ́nù fẹ́. Mo ní, "Ẹ bi í." Bẹ́ẹ̀ ni mo ń sọ fún gbogbo wọn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, tí àáró fi máa ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀, mo yá ọkọ́ lọ́wọ́ onílé mi, mo forí lé ọ̀nà Tchaada. Fòfó Sùnmọ́nù ti wà níbẹ̀, ó dúró sí igun oko, ìyá rẹ̀ wà lábẹ́ igi pẹ̀lú omi. Kò sí ẹlòmíràn. Ó wo ọkọ́ ọwọ́ mi, ó fi ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀ hàn mí. Oòrùn gòkè díẹ̀. Ọ̀nà dá páropáro. Ìyá Sùnmọ́nù bo ojú rẹ̀.

Bàbá Ìdòwú ló kọ́kọ́ yọ. Lẹ́yìn rẹ̀, méjì, lẹ́yìn wọn, méjì sí i. Àwọn méjì kò wá, wọn kò sì wá títí iṣẹ́ fi parí. Bàbá Ìdòwú gbé ọkọ́ kúrò léjìká, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó béèrè bí wọ́n ṣe ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo olóko:

"Ta ló pè wá?"

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Mo ti ètè mi pọ̀, mo ń wo ilẹ̀. Ó pẹ́. Ó pẹ́ gan-an.

"Èmi," ni Fòfó Sùnmọ́nù wí.

"Bọ̀n. Ibo la ti máa bẹ̀rẹ̀?"

Ó fi ọwọ́ hàn wọ́n. A ṣiṣẹ́. Délégé wá nígbà tí oòrùn mú, ó fẹ́ sọ̀rọ̀ ìṣírí, ìyá tó wà lábẹ́ igi fún un ní kèrègbè kó lọ pọnmi. Ebè mi wọ́, ó ń ya lulẹ̀, Fòfó Sùnmọ́nù ń bọ̀ lẹ́yìn mi, ó ń tún un kọ láìsọ̀rọ̀. Àtẹ́lẹwọ́ mi bó. Kò sí ọjọ́ kan ní gbogbo ọdún tí mo lò ní Benin tí inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀. Lọ́sàn-án, a jẹun, òun náà jẹun, ó sì béèrè àtúnbù.

Ìyá Sùnmọ́nù kú ní ọdún tí bọ́dà wà ní títì, tí mi ò lè dé Ìdìrókò lọ pe ilé. Lẹ́yìn ìsìnkú, nígbà tí àwọn alábẹ̀wò ti dín kù, mo wà pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ nínú ilé ní ìrọ̀lẹ́ kan, mò ń bá a ṣa ẹ̀wà. Ẹnìkan kanlẹ̀kùn. Bàbá Ìdòwú ni. Kì í ṣe ìbánikẹ́dùn ló bá wá. Ó ti ṣe ìyẹn. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Sùnmọ́nù, ọ̀la o. Oko mi."

Fòfó Sùnmọ́nù ń ṣa ẹ̀wà lọ. A jọ ń dúró dè é, èmi àti bàbá náà, kò sì sí ẹni tó kánjú nínú wa.

"Rárá," ni ó wí. "Tèmi ló kàn."

Bàbá Ìdòwú ronú. Ó ń ka àwọn ènìyàn náà lórí ìka rẹ̀, ó dé orí ìka kan, ó tún un kà. Ó mi orí.

"Òótọ́ ni. Tìẹ ni. Ìgbà wo ni ká dé?"

"Àárọ̀ kùtù," ni Fòfó Sùnmọ́nù wí. "Ẹ má pẹ́."